Ìwé Òkun Tí Mo Fi Wé Ẹja

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe. Bí mo bá ní nǹkan rí mi lára, kọ ọ́ pé ó rí mi lára, má kọ pé inú mi kò dùn. Inú èèyàn lè má dùn kó sì tún dùn tó bá di ọjọ́ kejì. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, títí di òní, bí mo bá rántí ẹ̀, itọ́ ló ń ṣú mi lẹ́nu.

Ẹja yíyan ni mò ń tà l'Ọ́jà Igbó nígbà náà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ìgbà Sápù ni, nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, tí ọṣẹ gan-an di ohun tí à ń gé sí wẹ́wẹ́ ká tó lò ó. Àwọn mìíràn ń ta ẹja odò, ṣùgbọ́n ẹja òkun ni wọ́n mọ̀ mí mọ́: ṣàwá tó gbẹ dáadáa, tí kò ní iyanrìn, tó jẹ́ pé bí o bá ṣẹ́ ẹ, wàá gbọ́ ọ. Àbúrò mi obìnrin ló ń fi í ránṣẹ́ sí mi láti Kùtọnu. Ìyá kan náà ló bí wa. Ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ síbẹ̀, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń lọ ṣòwò nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Ọkọ kú, òun kò padà wálé. Etí òkun gan-an ló ń gbé. Ó fi amọ̀ mọ ààrò mẹ́sàn-án tó ń fi yan ẹja, yàrá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn àwọn ààrò náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àwa ẹlẹ́ja ṣe ń sọ̀rọ̀ òkun fún ara wa. Láàárín òjò, omi òkun máa ń ṣàdédé tutù. Ìhà Gánà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti tutù báyìí, ṣàwá á ya wá. Obìnrin tó bá kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi níbẹ̀, tó rí i pé ó tutù, á sọ fún dẹ́rẹ́bà pé, "Bí o bá dé Lómè, wí fún wọn pé omi ti tutù o." Àwọn ti Lómè á sọ fún ti Kùtọnu. Kí ẹja tó dé, àbúrò mi á ti rẹ́ ààrò rẹ̀, á ti to igi sílẹ̀, èmi náà níbí á ti gbọ́. Ẹnikẹ́ni kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Obìnrin tó ń ránṣẹ́ láti Gánà yẹn, a kò rí i rí, a kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ níwájú ilé àbúrò mi. Àwọn igi àgbọn tó wà láàárín òun àti omi ti wó tán. Àwọn ará etí òkun ń fi òṣùpá mọ ìgbà tí omi máa kún, bó bá lé àti bó bá di àrànmọ́jú. Èyí tí wọn kò mọ̀ ni èyí tó máa kún kọjá ibi tí wọ́n mọ̀ ọ́n dé.

Ìjọba ibẹ̀ ní ọ̀pá kan tí wọ́n rì sínú omi láti fi wọn bó ṣe ń ga àti bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ọ́fíìsì wọn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló kọ lu ọ̀pá náà, ó ṣẹ́. Tiwa l'Ékòó ṣì wà nídùúró. Wọ́n bá kó gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ látẹ̀yìn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tiwa, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fi tiwọn kún un, kí wọ́n bá àwọn ṣírò àwọn ọjọ́ tí omi máa ga jù ní àsìkò òjò yẹn. Àdéhùn ti wà tẹ́lẹ̀ pé ohun tí àwa bá rí lójú òkun, a ó máa fún wọn, ohun tí àwọn náà bá rí, wọn ó máa fún wa. Wọ́n wá sọ fún àwọn obìnrin etí òkun pé bí ìwé bá ti dé láti Nàìjíríà, àwọn á sọ ọjọ́ tí wọ́n máa kẹ́rù fún wọn.

Wọ́n retí retí, ìwé kò dé. Àbúrò mi bá rán dẹ́rẹ́bà tó ń kó ẹja mi wá.

"Ìyá Ẹlẹ́ja, àbúrò yín ní kí n kí yín. Ó ní ṣebí ọ́fíìsì tó ń wọn omi l'Ékòó ni àbúrò ọkọ yín wà? Ó ní ẹ bá òun bẹ̀ ẹ́. Bí òun bá mọ ọjọ́, òun á fọwọ́ ara òun wó ààrò, òun á lọ mọ ọ́n sókè. Bí òun ò bá mọ̀ ọ́n, omi ló máa bá òun wó o."

"Kí ló dé tí kò kúkú kó kúrò níbẹ̀ báyìí?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Láàárín àsìkò ẹja? Ẹ̀yin náà ẹ kó kúrò l'Ọ́jà Igbó lónìí, màmá, kí n rí yín."

Òótọ́ ló sọ.

Àbúrò ọkọ mi yìí, Akọ̀wé ni mò ń pè é. Mo ju Akọ̀wé lọ lọ́jọ́ orí o, ṣùgbọ́n ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé mi wọlé, nítorí náà ọkọ mi ni, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, Ọ̀yọ́, ìlú ìyá rẹ̀, ló kọ́lé sí. Iléyá ọdún yẹn bọ́ sí àárín òjò, mo mọ̀ pé yóò wà nílé. Ní ọjọ́ kejì ọdún, mo di ẹja tó dára jù, mo wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́.

Mo bá òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹran díndín wà níwájú wọn nínú àwo ńlá. Mo kúnlẹ̀.

"Akọ̀wé mi, ẹ kú ọdún. Ẹ̀mí yín á ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀."

"Ìyàwó, o káàbọ̀. Ẹja dà?"

"Ẹja rèé. Ọ̀rọ̀ ẹja náà ló gbé mi wá." Mo sọ gbogbo ohun tí àbúrò mi wí.

Ó jẹ ẹran ẹnu rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "A ti ṣe é tán. Àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi ti ṣírò ẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi ló wà. Mo kó o wálé kí aláṣejù kan má baà lọ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn mi."

"Ẹ ti ṣe é tán? Ẹ wá ń dúró de kí ni?"

"Ìyàwó, nǹkan ìjọba ni. Kì í ṣe abọ́ ẹ̀wà tí èèyàn á kàn nà sí aládùúgbò. Òkun tiwa, tiwa ni. Tiwọn, tiwọn ni."

"Akọ̀wé mi, ibo ni wọ́n fa ààlà sí nínú omi?"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Obìnrin yìí ì bá di lọ́yà!" Kò dùn mọ́ Akọ̀wé nínú.

"Gbọ́. Nígbà tí àwọn ará Kùtọnu fẹ́ bá àwọn ará Gánà sọ̀rọ̀, wọ́n pè wọ́n wá, wọ́n fi wọ́n sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n tọ́jú wọn. Àwa, lẹ́tà lásán ni wọ́n ń kọ sí wa. Lẹ́tà mẹ́ta! Kí wọ́n pè wá sí ìpàdé. Ká jókòó, ká jẹun, ká fọwọ́ sí i. Báyẹn ni wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Omi ò ní dúró de ìpàdé, ẹ dákun."

"Omi ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, ìyàwó."

Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn àga, ó fa bébà kan yọ látinú ìdì kan, ó fi ń nu òróró ẹran ní ìka rẹ̀. Ó nu àtàńpàkò, ó nu ìka kejì, ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo rí ohun tó wà lójú bébà náà: ìlà kan ṣoṣo tó ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀, tó ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀, láti etí kan dé ekejì. Ó rún un, ó jù ú sábẹ́ àga. Nǹkan rí mi lára débi pé n kò lè jẹ ẹran tí ìyàwó rẹ̀ bù fún mi. Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ wo, nínú ọdún? Wọn kò tilẹ̀ bi mí.

Bí ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo wà nídìí àtẹ mi l'Ọ́jà Igbó. Ìwọ náà mọ̀ pé bébà ọ́fíìsì tó ti gbó la fi ń wé ẹja. Oníbébà kan wà ní oríta tó ń tà á ní ìdì, mo ra ìdì kan láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti ta tó ìdajì àtẹ. Mo fẹ́ wé ṣàwá mẹ́wàá fún Tíṣà kan báyìí, ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ni ojú mi bá kan ìlà yẹn. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀.

Mo na bébà náà sí i. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lára èyí?"

Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sójú. "Ìyá Ẹlẹ́ja, ọ̀rọ̀ omi òkun ni. Bó ṣe ga tó lójoojúmọ́." Ó yẹ èyí tó wà nísàlẹ̀ wò. "Lẹ́tà rèé láti Kùtọnu. Wọ́n ní àwọn ń bẹ̀bẹ̀. Òmíràn rèé. Èyí, wọn kò tilẹ̀ ṣí i!" Ó fọwọ́ ya àpò lẹ́tà náà, ó kà á, ó mi orí. "Àwọn yìí wá ni ọjọ́ tí omi máa ga jù, wọ́n ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ta ló fi irú èyí wé ẹja?"

"Èmi ni," ni mo wí.

Mo sáré lọ bá Oníbébà. Ó ní obìnrin kan l'Ọ́yọ̀ọ́ ló ń tà á fún òun, tí ọkọ rẹ̀ bá ti ti Èkó dé báyìí. Ìyàwó Akọ̀wé ni. Bí ọkọ rẹ̀ bá kó bébà wálé, tó bá ń fi nu ọwọ́, kí ni kó rò pé ó jẹ́? Obìnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí.

Mo tú gbogbo ẹja tí mo ti wé sílẹ̀. Mo wá ń lọ láti ilé dé ilé, èmi àgbàlagbà, mò ń bẹ àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n fún mi ní bébà tí mo fi wé ẹja wọn. Àwọn kan rò pé mo ti ya wèrè. Obìnrin Hausa kan ní Sábó yọ tiẹ̀ nínú pàǹtí fún mi, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó kí mi kú wàhálà. Aládùúgbò rẹ̀ ti fi tirẹ̀ dáná. Tíṣà jókòó sí àtẹ mi títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn.

"Ojú ewé méjì ni kò sí," ló wí. "Láti àárín oṣù tó ń bọ̀ lọ títí dé òpin rẹ̀."

"Kí a wá ṣe é báwo?"

"Kí wọ́n máa lo èyí tó wà ná."

Mo dì í sínú ọ̀rá, mo fi lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́. Ó gbóòórùn ẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ìwé ni àbí ọbẹ̀?" Nígbà tó dé Kùtọnu, àbúrò mi gbé e lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ó ní ọkùnrin tó gbà á kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo imú. Nígbà tó kà á, ó dìde dúró.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ìwé náà dá, omi kún bó ṣe wí. Ọjọ́ kejì, ó kún bó ṣe wí. Àwọn obìnrin ti kó ẹja wọn sókè ṣáájú, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ìwé wá dé ibi tí kò sí mọ́. Àbúrò mi wó ààrò mẹ́rin, ó lọ mọ wọ́n sókè. Ó fi márùn-ún sílẹ̀ nítorí pé ẹja ń wá, igi ń jó lábẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé ọ̀la ni. Ọ̀sán gangan ni omi dé. Ó kó ààrò márààrún, ó kó ẹja orí wọn, ó gbé yàrá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ yè. Èmi ni mo fi ojú ewé méjì yẹn wé ẹja fún ẹni tó fi dáná ní Sábó. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo dì í sẹ́yìn àga.

Àwọn tó kù ní etí omi kó lọ sínú ìlú kí òjò tó dá. Àbúrò mi wá sọ́dọ̀ mi níbí, kò yan ẹja mọ́.

Nígbà ọyẹ́, wọ́n pe Akọ̀wé sí ìpàdé wọn. Ó lọ sí Kùtọnu, ó sì yà kí mi lọ́jà nígbà tó dé, ó ti sanra sí i.

"Ìyàwó, a ti fọwọ́ sí i o! Oṣooṣù la ó máa fún ara wa ní gbogbo ohun tí a bá rí lójú òkun."

Mo ní, "Ẹ dé etí omi?"

"Àyè ò sí. Ṣùgbọ́n mò ń rí i láti ojú fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì. Ibẹ̀ dára! Ó mọ́ tónítóní, kò sí èéfín, kò sí ààrò kankan níbẹ̀."

Ó ń wo ojú mi, ó ń retí kí n bá òun yọ̀. Ibi tó ní ó mọ́ yẹn, ọdún méjìdínlógún ni àbúrò mi fi yan ẹja níbẹ̀.