Mo gbàgbé pé ẹni tó ń fun fèrè máa ń mí

Ẹ gbà mí o, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orin ìyìn pa àgbàlagbà lónìí!

Èmi ni mo ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Jahi. Nítorí ìkórè tó ń bọ̀, mo ní kí n pín orin olóhùn mẹ́rin táwọn akọrin wa mọ̀ fún fáólìn àti fèrè. Ó rọrùn lójú mi: sópránò fún àwọn fáólìn, áltò fún tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì Bàbá Kàbbà, sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Mi ò fi àyè ìsinmi kankan sílẹ̀ fún ẹnì kankan, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ṣe ojúsàájú.

Níbi ìdánrawò lónìí, ká tó dé ẹsẹ kẹta, ojú Bàbá ti pọ́n bí ata rodo. Wọ́n gbé fèrè sílẹ̀.

"Kai! Ìwọ ọmọ yìí, níbo lo ní kí n ti mí?"

"Ẹ má bínú, sà. Báyẹn náà làwọn akọrin ṣe ń kọ ọ́."

"Àwọn áltò mẹ́wàá! Bí ọ̀kan bá ń mí, àwọn yòókù á máa kọ ọ́ lọ. Èmi mélòó ló wà níbí?"

Wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, wọ́n fagi lé ìlà méjì gbáko nínú ìwé orin tiwọn. A tún un ṣe. Nígbà tí fèrè dákẹ́, tó wá wọlé padà níbi ègbè, orí mi wú!

Ni alága ìkórè, tó wá gbọ́ ìdánrawò wa, bá bọ̀ mí lọ́wọ́: "O mà mọ orin tò o! Àgàgà ibi tí fèrè ti dákẹ́ yẹn."

Bàbá ń wò mí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo jalè nìyẹn?