Àlejò Kan Ṣoṣo Lórí Ojú-Ewé Agbaja

Ariwo fáànù kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi létí bí mo bá rántí àwọn ọdún tí mo fi gbé yàrá kan ní àdúgbò Adankolo ní Lọ́kọ́jà. Mo ti sọ kọ̀ǹpútà náà di sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ìkànnì mi lórí ayélujára ń gbé inú rẹ̀. Olùkọ́ ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé ìwà àìtọ́ tí a bá ti tú sí gbangba kò lè pẹ́ kó tó kú. Èyí tó ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kékeré kan ní orí òkè Agbaja, tí wọ́n kọ́, tí wọ́n kùn, tí wọ́n sì tì pa nítorí pé wọn kò fi nọ́ọ̀sì kankan ránṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn aláìsàn tí ọ̀kadà gbé gba ojú ọ̀nà olókùúta wá sí Lọ́kọ́jà ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Mo kọ ọ́ sórí ìkànnì náà ní Yorùbá àjùmọ̀lò, mo sì tún kọ ọ́ ní Ọ̀wọ́rọ̀, èdè ìyá mi tí wọ́n ń sọ ní Agbaja, kí àwọn tó ń jẹ ìyà náà lè rí i.

Ọ̀gá tí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní sẹkitéríàtì fi ẹ̀rín gbà mí. "Tíṣà, ta ló ń ka nǹkan yìí ná, yàtọ̀ sí ìwọ àti ìyàwó rẹ?"

Mo ní n kò tíì gbéyàwó.

"Ó wá ku ìwọ nìkan nìyẹn."

Ó ní bí mo bá lè mú ẹ̀rí wá pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará Agbaja fúnra wọn, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun yóò gbé e síwájú wọn.

Bí mo ṣe wá sọ́fúwià tí ń ṣírò àlejò ìkànnì nìyẹn, irú èyí tí ènìyàn ń gbé sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ òkèèrè má baà máa yọjú wo ẹni tó wọlé. Ó kọ́kọ́ ní òun kò ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú àpò fáìlì tí mo fi òun sí. Mo fún un láṣẹ. Ó ní òun kò rí ibi tí òun yóò máa kó ìṣirò pamọ́ sí. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ aṣínà ni mo ṣì tẹ̀. Nígbà tó ṣí tán, àlejò kan ṣoṣo ló fi hàn. Mo bẹ gbogbo olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kí wọ́n wọ ìkànnì náà lórí fóònù wọn. Síbẹ̀, ẹnì kan náà ni. Ó dá mi lójú pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún mi ló ń dí mi lọ́wọ́. Mo kọ lẹ́tà ẹ̀sùn olójú-ewé méjì, mo sì gbé e lọ fi han obìnrin Ẹ̀bìrà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́bàá ọgbà yunifásítì.

"Tíṣà, kí ẹ tó bú ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ ká wo fáìlì tiyín ná."

Ó wò ó fínnífínní. Ó ní mo ti fi sọ́fúwià mìíràn sí ẹnu ọ̀nà sáfà náà bí aṣọ́nà, tó ń gba àlejò, tó sì ń jíṣẹ́ wọn sí inú yàrá. Aṣírò àlejò jókòó sí yàrá, ojú aṣọ́nà nìkan ló ń rí, n kò sì sọ fún un pé kó máa bèèrè lọ́wọ́ aṣọ́nà ẹni tó rán an níṣẹ́. Ìlà méjì péré ni mo gbàgbé láti kọ.

"Ó wà nínú ìwé ìtọ́ni. Ẹ ò kà á?"

"Mo fo ibẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìwé tí tíṣà ò bá kọ fúnra rẹ̀, kì í kà á."

Àwọn àgbà ní bí a bá na ìka kan sí ẹlòmíràn, mẹ́ta ni yóò kọjú sí ara ẹni. Mo ya lẹ́tà náà.

A kọ ìlà méjì náà sí i, àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ìlú oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ojú-ewé Ọ̀wọ́rọ̀ kò yí padà: fóònù kan, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, fún bíi wákàtí kan. Mo tún fáìlì náà ṣe títí mo fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, tí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Obìnrin náà ní ara ẹ̀rọ mi le; kí n lọ wo Agbaja.

N kò dé ibẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo gun òkè lọ. Lórí àpáta pẹrẹsẹ kan, níbi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé, àwọn ènìyàn jókòó tìdíletìdíle. Ìyá àgbẹ̀ kan gbé fóònù sókè, ó ń ka ọ̀rọ̀ mi sí wọn létí.

"Dúró níbẹ̀," ni bàbá arúgbó kan wí. "Ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn yẹn kì í ṣe búlúù, àwọ̀ ewé ni. Ẹni tó kọ ọ́ yìí kò dé ibí rí."

"Kò dé ibí rí lóòótọ́, Bàbá," ni mo dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín mi dáadáa. Lẹ́yìn náà wọ́n fa ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé kan yọ, wọ́n kọ orúkọ wọn sí i, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n kọ sì tẹ àtàǹpàkò. Ìwé yẹn ni mo gbé fún ọ̀gá, kì í ṣe ìṣirò ẹ̀rọ. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti tún àwọ̀ ilẹ̀kùn kọ lórí ìkànnì.

Mo ṣì ń tú àìtọ́ àwọn ẹlòmíràn sí gbangba. Ó yẹ kí tèmi náà wà níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń ṣí aṣírò náà wò. Àlejò kan ṣoṣo. N kì í fọwọ́ kan fáìlì náà mọ́. Mo kàn máa ń jókòó, kí n máa rò ó pé, kí ni Bàbá ń bá mi jiyàn lé lórí lónìí?