Wọ̀n-ọ́n-wò àti Ohùn Ìyá Káfíńtà

Ọmọ àbúrò mi ni. Ó ń tún fóònù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Wọ̀n-ọ́n-wò ni àdúgbò ń pè é, nítorí kò ní kó nǹkan láti inú fóònù kan sí ibòmíràn láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ní ó ti lọ́ra jù. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ. Ó mọṣẹ́, ó sì ní sùúrù. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ tí Káfíńtà àdúgbò wa wá.

Fóònù àtijọ́ ló gbé wá. Ìyá rẹ̀ ti kú, inú fóònù yẹn nìkan sì ni ohùn ìyá náà wà. Ojú ihò wáyà tó ń gbé iná wọ̀ ọ́ ti bàjẹ́. Iná bátìrì ti fẹ́ẹ̀ tán. Tó bá kú báyìí, kò ní jí mọ́.

"Àbúrò, bá mi kó gbogbo ẹ̀ sínú káàdì yìí," ni Káfíńtà wí.

Káàdì gígábáìtì méjì ni. Fóònù yẹn kì í gba èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ̀n-ọ́n-wò wo ojú fóònù, ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò. "Bọ̀dá, kò ní gbà á."

"Báwo? Mẹ́gábáìtì 1,920 ló wà níbẹ̀, èmi náà kà á. Káàdì jẹ́ 2,000. Àbí ìṣirò tìẹ yàtọ̀ ni?"

"Ti àwọn tó ṣe káàdì ló yàtọ̀. Ẹgbẹ̀rún báìtì ni wọ́n ń pè ní kílóbáìtì kan, ẹgbẹ̀rún kílóbáìtì ni mẹ́gábáìtì kan. Fóònù yín, 1,024 ló ń kó jọ kó tó kà á sí ọ̀kan. Igbá tiẹ̀ tóbi ju tiwọn lọ. Tí fóònù bá fi igbá tiẹ̀ wọn káàdì yẹn, 1,907 ni yóò pè é."

"Mẹ́tàlá péré ni kò ní rí àyè?"

"Mẹ́tàlá yẹn lè jẹ́ màmá. Fóònù yìí kì í ṣàṣàyàn, gbogbo ẹ̀ ló ń kó lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán ló ń ṣáájú, ohùn ló ń gbẹ̀yìn."

Ẹlòmíràn ì bá ti pa ohun tó bá wù ú rẹ́. Ọmọ yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yí fóònù sọ́dọ̀ ẹni tó ni í.

"Kí ni ká yọ? Fídíò tí ẹ ti ń jó nínú ṣọ́ọ̀bù yín yìí ńkọ́? Ọgbọ̀n mẹ́gábáìtì."

"Ijó mi tó dáa jù nìyẹn."

"Mo ti wò ó, Bọ̀dá. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

Ẹ̀rín pa mí. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ló tẹ bọ́tìnì tó pa á rẹ́.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kó o sínú káàdì. Ó kó o tán. Kò pẹ́ tí ojú fóònù náà fi ṣókùnkùn. Wọ̀n-ọ́n-wò ki káàdì bọ fóònù tirẹ̀, ó wá ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó tẹ̀ ẹ́.

"Gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu mi," ni ìyá arúgbó náà wí. "Lọ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ẹ."

Káfíńtà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Tún un tẹ̀," ló wí.

Oníbàárà mìíràn ti ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé òun ń kánjú. Wọ̀n-ọ́n-wò ní kó má bínú, ó tún un tẹ̀.