Òdo Ni Gbogbo Wọn Kọ: Bí Mo Ṣe Fẹ́ Díwọ̀n Ìwòsàn Ọkàn Nínú Ìjọ Wa

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí mo ṣe fi ìbéèrè mẹ́wàá péré dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìjọ tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Mò ń ṣe másításì nípa ìmọ̀ ọpọlọ àti ìwà ẹ̀dá nígbà náà, mo sì ń wá ohun tí n ó ṣèwádìí lé lórí. Ìjọ wa ní Kubwa ní yàrá counselling kan, níbi tí wọ́n ti ń da àdúrà pọ̀ mọ́ irú ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe ní ọsibítù: o jókòó, o sọ ohun tó ń dùn ọ́, ẹni tó mọṣẹ́ á bá ọ tú u palẹ̀. Pásítọ̀ wa kì í sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí pẹpẹ kó má dárúkọ yàrá yẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀ tí kò fi ẹ̀rín jáde. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò.

Inú Pásítọ̀ dùn débi pé ó kéde mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní sáyẹ́ǹsì fẹ́ wá kúnlẹ̀ fún Jésù. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o! Fọ́ọ̀mù lásán ni mo tẹ̀ jáde.

Iṣẹ́ náà ò le. Àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ fún counselling á kọ́kọ́ dáhùn fọ́ọ̀mù, wọ́n á gba ìtọ́jú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n á tún dáhùn fọ́ọ̀mù kan náà. Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ṣé inú yín máa ń bàjẹ́? Ṣé ayé sú yín? Òdo ni ẹni tí kò ní ìṣòro yẹn rárá máa kọ. Ẹni tó ń bá a fà á lójoojúmọ́ á kọ ẹẹ́ta. Bí nọ́ńbà bá wálẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìtọ́jú ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kí ló tún kù?

Ó kù o. N ò mọ̀ pé Pásítọ̀ máa gbàdúrà ká tó pín fọ́ọ̀mù. Àdúrà náà gùn, kókó rẹ̀ sì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi. Ó ṣe àmín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo gba fọ́ọ̀mù padà. Mo ṣí àkọ́kọ́, òdo látòkè délẹ̀. Mo ṣí èkejì, òdo. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ayọ̀ òun kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹlòmíràn fa igi lé ìbéèrè "ṣé ayé sú yín" lórí, ó kọ "back to sender" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo pín fọ́ọ̀mù ni sender yẹn o!

Ẹ bá mi rò ó: ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kí ló ń wá nílé olóògùn?

Bùọ̀dá kan wà nínú wọn, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ṣọlá, torí kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Báńkì kan ní Wuse ló ti ń ṣiṣẹ́. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé òun máa ń páàkì mọ́tò sẹ́bàá ọ̀nà ní Berger láàárọ̀ kóun lè tòògbé díẹ̀, torí oorun ò kun òun nílé mọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Mo wo ibi ìbéèrè oorun nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀: òdo. Mo rọra bi í bóyá kò ka ìbéèrè náà dáadáa ni.

Ó ní, "Sister, mò ń sùn. Mo ti gba oorun náà nípa ìgbàgbọ́."

Mo gba fọ́ọ̀mù náà bẹ́ẹ̀.

Màmá Àánú ló ń ṣe ìtọ́jú náà. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ Kabba bíi tèmi, ó sì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ. Ṣíà oníke méjì àti fáànù kan ló wà ní yàrá rẹ̀. Á gbàdúrà ṣókí, á dákẹ́, á máa wo ojú rẹ títí wàá fi sọ̀rọ̀.

Bùọ̀dá Ṣọlá ló padà sọ fún mi, ó sì ní kí n máa sọ ọ́, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lòun fi ń sọ fún Màmá pé kò séwu. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Màmá ní, "Ọlọ́run tí ò ń gbàdúrà sí ń wò ọ́ nígbà tó o lajú sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ta lo wá ń purọ́ fún, ọmọ mi?" Ó ní ẹkún lòun fi dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé. Mo sọ fún Pásítọ̀ pé aago méjìlá la máa kọ fọ́ọ̀mù. Aago mẹ́wàá la kọ ọ́, kó tó dé wá gbàdúrà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Mo kó nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà. Ìlà inú gíráàfù tó yẹ kó máa sọ̀kalẹ̀ ń gòkè bí ọ̀nà Mpape tó ń gun orí òkè! Lójú kọ̀ǹpútà, ara àwọn èèyàn yìí le koko nígbà tí wọ́n dé, counselling wa ló kó àìsàn ràn wọ́n. Mo pe olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á, ó wá ní òtítọ́ ló pọ̀ sí i, kì í ṣe àìsàn. Kí n kọ ohun tí mo rí, kí n kọ ìdí rẹ̀.

Mo gbé e lọ bá Pásítọ̀. Wọ́n ti tẹ bánà ìdúpẹ́ fún àṣeyọrí ètò náà sílẹ̀, ó rọ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Ó wo ìlà náà títí, ó yí bébà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní ṣé a ò lè dorí rẹ̀ kodò ni. Mo ṣàlàyé. Ìdajì àlàyé ló gbọ́, ìdajì náà sì ni pé Màmá Àánú ló ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ láti máa pe ibi. Ó ní òun máa gba yàrá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, òun á gbé e fún olórí àwọn tó ń kí àlejò ní ẹnu ọ̀nà, torí ìyẹn máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìwádìí tèmi ni wọ́n fẹ́ fi lé ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀!

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé. Pásítọ̀ pe Bùọ̀dá Ṣọlá kó wá jẹ́rìí, torí bùọ̀dá náà wọ kóòtù dáadáa, ó yẹ fún kámẹ́rà. Ó gba máìkì.

"Irọ́ ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́," ló wí. "Ó tó oṣù márùn-ún tí mi ò sùn, mo sì ti kọ lẹ́tà ìdágbére sílẹ̀ fún ìyàwó mi. Màmá Àánú ni mo fún ní lẹ́tà náà. Òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ara mi ò tíì yá tán."

Onílù gbé ọ̀pá sókè, kò mọ̀ bóyá kóun lù ú tàbí kóun gbé e sílẹ̀. Ìyàwó Bùọ̀dá Ṣọlá, tó ti mọ̀ nípa lẹ́tà náà, dìde, ó lọ dúró tì í.

Lẹ́yìn ìsìn, èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá Àánú dé ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Mo rí déákónì méjì níbẹ̀. Ta ló tún máa lé e? Lọ́sẹ̀ kejì, Pásítọ̀ ti ń sọ lórí pẹpẹ pé òun ni Ọlọ́run sọ fún pé kí yàrá yẹn máa gbòòrò. Kó máa sọ ọ́ lọ.

Ṣé ìtọ́jú náà wá ń ṣiṣẹ́? Nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ pé n ò lè fọwọ́ sọ̀yà, torí irọ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀. Mo tún pín fọ́ọ̀mù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: nọ́ńbà ọ̀pọ̀ ti wálẹ̀, ti àwọn kan ò kúrò lójú kan, Màmá sì ti darí wọn sí ọsibítù. Bùọ̀dá Ṣọlá ń sùn lọ́jọ́ mìíràn, kì í sùn lọ́jọ́ mìíràn. Òtítọ́ nìyẹn, ó sì tó mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ìjọ tó bá sọ ìrora di ẹ̀ṣẹ̀ kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Ṣe ló ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín kú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló bi yín rí pé báwo ni, tẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún un? Kí ni ẹni náà ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ̀yin tí pásítọ̀ yín ń ka comment, ẹ wá inbox.