Òwú Pupa, Òwú Búlúù

Ẹni tó bá ní ẹ̀rín kì í pani, kó wá jókòó tì mí, kí n sọ ti Kíámọ́sá fún un.

Ilé alágbàfọ̀ kan tó ń bá àwọn òtẹ́ẹ̀lì fọ aṣọ ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń pè é ní Kíámọ́sá nítorí pé kó o tó ṣẹ́jú, ó ti lọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì kan tán, ó sì ti ká a. Ẹni tí tábìlì rẹ̀ kan tirẹ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín, obìnrin tí eyín rẹ̀ kì í wọlé, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnu lásán. Ìdí áyọ́ọ̀nù kan náà ni wọ́n jọ dúró sí nígbà tí wọ́n wà nínú oyún àkọ́kọ́.

Níbẹ̀, oníkálukú ló ní òwú tí ó fi ń di aṣọ tó bá lọ̀. Pupa ni ti Kíámọ́sá, búlúù ni ti Ẹlẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kì í wọ yàrá ìlọṣọ nítorí ooru. Nírọ̀lẹ́, òwú ló ń wò, kì í wojú. Ẹni tó bímọ kékeré sì mọ̀ pé ibà kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kó tó dé. Nítorí náà, bí ara ọmọ ọ̀kan nínú wọn bá gbóná, ìyẹn á yọ́ lọ sílé, ìkejì á lọ aṣọ ẹni méjì, á sì fi òwú ọ̀rẹ́ rẹ̀ di ìdajì. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọ ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́nu, tí wọ́n ń ti ilé ìwòsàn bọ̀ tí wọ́n tún ń padà lọ, òwú búlúù tí Kíámọ́sá dì ju pupa lọ. Kò ka iye rẹ̀. Ta ló ń ka irú ẹ̀?

Òun náà ní ọmọ méjì, obìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin àti ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré kiri. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni bàbá wọn, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń fojú kan ilé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ìyá fi ń jáde. Ìyá àgbà tó ń gbé yàrá òdìkejì ló ń jí àwọn ọmọ, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń mú wọn lọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ilé sinmi lóòótọ́, ìyá ni kò sinmi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin náà ní: "Mọ́mì, nígbà wo lẹ̀yin máa jí mi?"

Nígbà tí olórí yàrá ìlọṣọ fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ní Kíámọ́sá lòun máa fi rọ́pò rẹ̀. Olórí kì í wọṣẹ́ àfi tí ilẹ̀ bá mọ́ kedere. Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ sọ fún. Ìyẹn fò mọ́ ọn lọ́rùn. "Ọ̀rẹ́ mi! Àwọn ọmọ ẹ á wá máa rí ojú ẹ láàárọ̀!"

Kíámọ́sá délé, ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. "Tó bá di Mọ́ńdè, èmi ni màá jí ẹ. Èmi ni màá ya irun ẹ."

"Ẹ búra."

"Mo búra."

Ní Fúráìdè, ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì. "Mo gbọ́ pé kì í ṣe gbogbo òwú pupa ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹ. Wọ́n ní o máa ń wà nílé tí òwú ẹ á máa jáde."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá?"

"Ẹni tó bá ẹ dì í. Ó ní ìwọ lo máa ń bẹ òun, ẹ̀rí ọkàn ò sì jẹ́ kóun sùn mọ́. Mi ò ní lé ẹ. Ṣùgbọ́n dúró sídìí tábìlì ẹ. Òun ló máa ṣe olórí."

Ẹni tó bá a dì í! Ẹnì kan ṣoṣo ló wà láyé tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ òwú búlúù dé etí ahọ́n Kíámọ́sá, ó sì gbé e mì. Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, ì bá tutọ́ sílẹ̀ kó gbàgbé. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ó dùn ún débi pé ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn, ó ń tì í níbi tó yẹ kó ti fà á.

Ẹlẹ́rìn-ín ń dúró dè é nídìí áyọ́ọ̀nù. Ọjọ́ yẹn leyín rẹ̀ wọlé.

"Àárọ̀ nìkan ni dókítà ń rí ọmọ mi, ìwọ náà mọ̀," ló sọ. "Tó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá ṣe é."

"Mi ò ní ṣe é."

"Kí ló wá dé tó ò sọ ti òwú búlúù fún un, ká jọ pàdánù ẹ̀?"

"Torí pé ara ọmọ ẹ ò yá."

Ẹlẹ́rìn-ín yíjú sí ògiri, ó ń tú okùn áyọ́ọ̀nù tí kò lọ́.

Láti Sátidé dé Sọ́ńdè, Kíámọ́sá ò rí ẹnu sọ ọ́ fún ọmọ. Ó ń wí pé ó di lẹ́yìn oúnjẹ, ó di lẹ́yìn ìwẹ̀. Ọmọ náà ti kó ìyarun àti ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ní ìdájí Mọ́ńdè, ó wọṣọ iṣẹ́ nínú òkùnkùn, ó gbé báàgì kọ́pá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa aṣọ bo ọmọ. Ó wá rí i pé ìpéǹpéjú rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín sì wà létí ẹnu rẹ̀. Ọmọ yìí ti jí tipẹ́. Ó dijú pa ni, kí ìyá rẹ̀ lè jí i.

Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ìyá mi, jí."

Ọmọ náà fò dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyarun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá rí báàgì.

"Ẹ̀ ń lọ?"

"Mo ń lọ, ọmọ mi."

"Ṣebí ẹ búra fún mi."

Kíámọ́sá mọ ojú tó ń wò ó yẹn. Ojú tí òun alára fi wo Ẹlẹ́rìn-ín ní Fúráìdè ni. Ọmọ náà dá ìyarun padà sábẹ́ ìrọ̀rí, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

"Ẹ máa lọ," ló wí. "Mo ṣì ń sùn. Ìyá àgbà ló máa jí mi."