Ewúrẹ́ Abìyẹ́ Inú Pépà Àkàrà

Inú pépà àkàrà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ka ìtàn ewúrẹ́ abìyẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Okaka, kò sẹ́ni tó ń ra ìwé ìròyìn ládùúgbò wa. Èyí tó ti gbó ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, lọ́wọ́ ìyá alákàrà tó ń kó o wá láti Ṣakí láti fi di àkàrà. Bí wọ́n bá rán wa ní àkàrà àárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á máa yẹ pépà ìyá náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, títí ìyá náà á fi pariwo mọ́ ọn pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àkàrà lo wá rà àbí pépà?"

Kàtúùnù ló ń wá. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gun ewúrẹ́ abìyẹ́ lọ sí ìlú kan lójú sánmà. Ewúrẹ́ náà lójú kòkòrò ju ti ilé wa lọ; ó jẹ adé ọba ìlú sánmà, ó tún bu ìkùukùu jẹ lé e. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, n kò sì tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi, tó fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

A máa ń gé àwòrán náà, a ó nu epo ara rẹ̀, a ó sì tọ́jú rẹ̀. Kì í dé bó ṣe tẹ̀léra. Pépà tòní lè jẹ́ àárín ìtàn, kí tọ̀la jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pọ̀ tó, ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó fi bíléèdì gé nọ́ńbà tó wà ní igun àwòrán kọ̀ọ̀kan kúrò, ó ní kó lè gún régé ni. Ó wá fi ẹ̀kọ tútù lẹ̀ wọ́n sínú ìwé kan.

Àwòrán tó lẹ̀ gbẹ̀yìn kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Ọmọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, ìyá rẹ̀ gbé abọ́ oúnjẹ dání, ewúrẹ́ dúró tì wọ́n. "Ó ti dé nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ilé làbọ̀ ìsinmi oko."

Kò pẹ́ sígbà náà tó bá àwọn oníṣòwò gba Ṣakí lọ sí Kútọnú. Mo sunkún tẹ̀ lé e dé gáréèjì. Ó ní, "Má sunkún mọ́. Ọmọ inú ìwé wa, ṣé kò padà ni?" Mo ní ó padà. Mo sì nu ojú mi.

Kò padà. Ó kọ́kọ́ ń ránṣẹ́, nígbà tó yá, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá wa ń bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Èmi di olùkọ́, mo dá wà nínú ilé náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ní kí n wá máa kọ́ni ní Ṣakí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní mo ya olórí kunkun. Kí wọ́n máa wí. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá dé, tó bá ìlẹ̀kùn ní títì ńkọ́?

Láìpẹ́ yìí ni olùkọ́ kan níléèwé wa sọ fún mi pé wọ́n ti sọ kàtúùnù àtijọ́ kan di fíìmù. "Ewúrẹ́ ń fò níbẹ̀, Àǹtí," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ fi han àwọn ọmọdé ní gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Ṣakí ní ọ̀sán Sátidé. Mo wọ mọ́tò lọ. Ìgbà tí ọmọ náà dé sílé ni mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ rí i bí wọ́n ṣe ń rìn, kí n gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ.

N kò tíì jókòó dáadáa tí mo fi rí i. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ni. Ẹnu ọ̀nà yẹn, abọ́ yẹn. Oúnjẹ ọ̀nà ni ìyá ń gbé fún un. Ó gbà á, ó gun ewúrẹ́, ó lọ. Nígbà tí fíìmù parí, ìlú sánmà ló wà, ó ń da ewúrẹ́ níbẹ̀, kò sì wo ẹ̀yìn.

Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó tì mí wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé ewúrẹ́ ló ń pa yín lẹ́kún?" Mo ní òun ni.

Bí mo ṣe délé, mo ṣí ìwé wa. Ẹ̀kọ ti gbẹ lẹ́yìn àwòrán tó gbẹ̀yìn, ó ṣí wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà tó gé kúrò síbẹ̀: 1.

Ó mọ̀. Inú bí mi sí i gidigidi, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo ní n ó lẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ kó wà, mo ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó ti kún fọ́fọ́. Kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún un. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán náà lọ́wọ́ mi, àárò rẹ̀ sì sọ mí ju ti ọjọ́ gáréèjì lọ. Mo bu ẹ̀kọ, mo lẹ̀ ẹ́ padà síbi tó fi í sí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ fún ọ̀gá wa pé mo ti gbà láti lọ sí Ṣakí. Nígbà tí mo dẹrù tán, mo mú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ bá ọmọ ìyá alákàrà, tó ń dín àkàrà lójúde ìyá rẹ̀ báyìí.

"Ta ni kí n fún, Àǹtí?"

"Ẹni tó bá ń yẹ pépà wò kó tó ra àkàrà."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Pépà kẹ̀? Ọ̀rá la fi ń di àkàrà báyìí o, Àǹtí."

Mo ní mo mọ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́.