Ìṣẹ́jú Kan Tó Jọ Ìyàwó Mi

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún kan tí ìyàwó mi ti kú, ọmọ wa obìnrin pè mí láti Kánádà. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà fẹ́ fi ìyá òun hàn lára ògiri níbi ìsìn ìrántí, ìṣẹ́jú kan péré láti inú ọ̀kan nínú àwọn fíìmù tó ṣe, kí àwọn èèyàn tún lè rí i kí wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀. "Dádì, ẹ̀yin lẹ wà nílé," ó wí. "Ẹ bá wa wá ibi tí Mọ́mì ti jọ Mọ́mì." Mo ní kò burú. Lójú mi, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni.

Òṣèré ni ìyàwó mi. Kì í ṣe ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wo fíìmù Yorùbá, ẹ ti rí i. Òun ni ìyá ọkọ tí kò jẹ́ kí ìyàwó ilé simi. Òun ni ìyálé tó ń da nǹkan sínú ọbẹ̀ orogún. Ẹlẹ́ran kan wà ní ọjà Bódìjà tí kì í bá a fa ọ̀rọ̀ owó rárá, iye tí ìyàwó mi bá ti dá lé e ló máa gbà, nítorí ó dá a lójú pé obìnrin tó lè wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ báyẹn nínú fíìmù lè ṣe èèyàn ní nǹkan. Ìyàwó mi á rẹ́rìn-ín títí a ó fi délé. Obìnrin tí kò lè pa adìyẹ ni, èmi ni mò ń bá a pa á ní gbogbo Kérésìmesì.

Èmi kì í ṣe ará eré. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Sẹkitéríàtì títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì sì ni mí, orí kunkun wà lára ohun tí mo bá lọ́wọ́ bàbá mi. Bí wọ́n bá ti fi ìwé eré ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, ilé ìdáná la ti máa ń kà á. Òun á máa ja ẹ̀fọ́, èmi á gbé awò sójú, màá jókòó sórí àpótí, màá máa ka tirẹ̀ àti ti ẹni kejì sókè. Títí di òní, mo mọ òmíràn nínú wọn lórí. "Ìwọ àbúrò mi, tí ìyá kan náà bí wa, tí bàbá wa kú nígbà tí o ṣì kéré, tí mo ta aṣọ mi kí o lè lọ sí ilé ìwé." Ibẹ̀ ni màá ti gbé ìwé náà kalẹ̀.

"Ta ló ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí?" màá béèrè. "Ṣé àbúrò náà kò mọ̀ pé bàbá òun ti kú ni?"

"Dádì, ẹ kà á bó ṣe wà níbẹ̀," ìyàwó mi á wí.

Bí mo bá ń ráhùn lọ, á pa gáàsì, á wá kọjú sí mi. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ẹni tó ń sọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ láàárọ̀, wọ́n fẹ́ yà á nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tòun ni kí òun wá ẹni náà rí, obìnrin tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Ó sì máa ń rí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n inú eré yẹn ń ka oore tó ṣe nítorí pé kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Nígbà tí fíìmù náà jáde, bó ṣe dé orí "mo ta aṣọ mi", ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ó sì fọwọ́ kan ọrùn bùbá rẹ̀. Orí mi wú. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè ṣe ẹ̀bọ́lọ̀ kó má run ìgbẹ́. Àwọn tó wá bá wa wò ó ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ tó fi kan ọrùn.

Mo wá jókòó láti wá ìṣẹ́jú kan. Ọmọ wa ọkùnrin tó wà l'Ékòó ti ra fóònù ńlá kan fún mi, gbogbo fíìmù náà sì wà lórí ayélujára. Mo wo ti àkọ́kọ́, èpè ló ń ṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wo òmíràn, ó ń tú àṣírí ara rẹ̀ síta níwájú dígí, bí ẹni pé ẹlẹ́ṣẹ̀ a máa jẹ́wọ́ fún dígí. Mo rí ibi tó ti ń gbàdúrà, inú mi dùn, mo ní eléyìí á bá ṣọ́ọ̀ṣì mu. Bí mo ṣe tẹ́tí, àṣé ìtàn fíìmù ló ń rò fún Ọlọ́run: "Olúwa, ìwọ tí o mọ̀ pé ọkọ mi ti fẹ́ ìyàwó mìíràn sí Àpáta, tí wọ́n sì ti bí ìbejì." Mo ní bí Ọlọ́run bá ti mọ̀, kí ló tún ń sọ ọ́ sí? Mo sọ ọ́ sókè, mo sì yíjú sí àga rẹ̀ kí n rí bó ṣe máa dá mi lóhùn. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Mo gbìyànjú láti pa ohùn fíìmù náà kí n máa wo ojú rẹ̀ nìkan. Ojú náà dára, ojú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni àárò rẹ̀ ń sọ mí. Ilé tó dákẹ́ ni mò ń gbé láti àárọ̀ di alẹ́, mi ò tún wá ìdákẹ́ kún un. Mo dá ohùn padà, ó sì ń bá èpè rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe ń wò wọ́n lójoojúmọ́, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ rántí bó ṣe máa ń pè mí láti balùwẹ̀ pé kí n bá òun mú ọṣẹ wá. Mo dúró ní kọ́rídọ̀ kí n lè gbọ́ ọ. Ohùn ìyá ọkọ burúkú ni mo gbọ́, "Ìwọ obìnrin yìí, wàá jáde nílé ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ tí àwọn alákọkúkọ kọ fún un ló kù sí mi létí, wọ́n ti ń lé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí ọmọ wa ọkùnrin pè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, tó ní kí n ṣáà mú èyíkéyìí, pé ṣebí wọ́n á ṣáà rí ojú Mọ́mì, mo bínú débi pé mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Mi ò rántí ọ̀rọ̀ fóònù inú fíìmù àfi ìgbà tí mo kan ọ̀kan tí wọ́n yà nínú ilé kan ní Ṣálẹ́ńjì. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gba ìpè nínú fíìmù wa. Ẹni tó gbé fóònù sétí á máa tún gbogbo ohun tí ẹni kejì sọ sọ, kí àwa òǹwòran lè gbọ́: "Kí lẹ wí? Ẹ ní mọ́tò gbá a? Ní Ríìngì Róòdù?" Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ lódìkejì, fóònù náà lè má ní bátìrì nínú. Ìyàwó mi ní òun kò lè gbọ́ ẹni tí kò sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ó máa ń pè mí ní tòótọ́. Fóònù mi á dún ní ọ́fíìsì, kò ní kí mi, á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti inú ìwé, màá sì mọ̀ pé kámẹ́rà ti wà lójú rẹ̀. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má bá òun ṣe eré inú ìwé, kí n ṣáà máa sọ̀rọ̀. Màá ní gáàsì ti tán. Màá ní ọ̀gá wa kò tíì dé. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń sọ fún un nínú fíìmù pé ọlọ́pàá ti mú ọmọ rẹ̀, èmi àti oníkẹ̀kẹ́ kan là ń jà nítorí ṣéńjì ní Dùgbẹ̀, ó sì gbọ́ ìjà náà délẹ̀.

Ẹni tó ń gé fíìmù kì í jẹ́ kí ibi tí ìyàwó mi ti ń tẹ́tí sí mi wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ nínú ìwé, torí náà á gé e kúrò, á so "Kí lẹ wí?" mọ́ igbe tó tẹ̀lé e. Àfi nínú fíìmù Ṣálẹ́ńjì yìí. Bóyá ó ń sùn ni, bóyá iná lọ, mi ò mọ̀. Ó gbàgbé láti gé e.

Ìyàwó mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Ó ní, "Kí lẹ wí? Ẹ ní ọkọ mi ti kú?" Ó wá dákẹ́, ó ń tẹ́tí. Ojú rẹ̀ yí díẹ̀, igun ẹnu rẹ̀ kan gbéra, ó fi eyín mú ètè rẹ̀, ó yára wolẹ̀. Ojú tó máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn bí mo bá sọ nǹkan sí i létí nígbà tí ìwàásù ń lọ. Lẹ́yìn náà ló figbe ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì ọkọ tó kú bí ìwé ṣe kọ ọ́. Àwọn tó wò ó ti kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan ní, "Wọ́n ní ọkọ ẹ̀ kú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá yìí ò mọ eré ṣe rárá." Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo fi ibẹ̀ ránṣẹ́ sí Kánádà. Ọmọ mi pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Dádì, Mọ́mì ni. Mọ́mì gan-an ni. Ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

Ó tún béèrè, "Kí lẹ sọ fún wọn tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín?"

Mo rántí gáàsì, mo rántí ìjà Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn kò wá. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Wọ́n ti fi ibẹ̀ hàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú, ìsìn sì ti parí tipẹ́. Mo ṣì ń rò ó. Nínú gbogbo fíìmù tí ìyàwó mi ṣe, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹnì kan fún un ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ojú rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́, mi ò sì mọ ohun tí mo sọ mọ́.